Agolo Méjì Lórí Tábìlì Mi

Tí ẹ bá rí mi ní First Avenue, Festac, láàárọ̀, tí mo dúró níwájú pátákó ìpolówó tí mo ń mi orí, ẹ má rò pé nǹkan ti ṣe mí. Àṣìṣe ni mo rí. Wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù síbẹ̀, nọ́ńbà kan dín, ẹni tó kọ ọ́ ò mọ̀, ẹni tó gbé e kọ́ ò mọ̀, èmi tí mo ń lọ ra búrẹ́dì ni mo mọ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ wíwá àṣìṣe nínú ohun tí ẹlòmíràn kọ. Mi ò fẹ́ fọ́nnu. Irọ́ ni, mo fẹ́ fọ́nnu: láti Mile 2 títí dé Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá, ẹ wá ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ kí ẹ mú un wá.

Fọlákẹ́ lorúkọ mi, àmọ́ Àǹtí Asẹ́ ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́, nítorí pé ìwé tó bá ti gba ọwọ́ mi kọjá, ìdọ̀tí rẹ̀ ti kù sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe láyé yín, tí ẹ ń bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé ìyẹn náà níṣẹ́?" ẹ jókòó kí n sọ fún yín.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ kò lọ́rọ̀ nínú. Mo ka ìwé mẹ́wàá, ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Àpápá ń wá àwọn ọmọbìnrin tí ọwọ́ wọn yá, wọ́n gbà mí. Owó oṣù náà tó jẹun. Ó tán. Ohun tó yẹ kí ẹ gbọ́ ni ti ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, Ọ̀gá Ládiípọ̀, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni, ó kúrú, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun ó sì gan, pẹ́ńsù kì í kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀. Kì í pariwo. Tí inú rẹ̀ bá dùn sí ọ, ó máa ń pè ọ́ ní "ìwọ ọmọ yìí". Tí inú bá bí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi "ẹ" pè ọ́. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà. Lọ́jọ́ tó bá ti sọ pé, "Màmá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ bí," màá ti máa wá àṣìṣe mi kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Lórí káàdì pálí la ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Ọmọbìnrin kan á jókòó sídìí ẹ̀rọ, á máa fi lu ihò sára káàdì gẹ́gẹ́ bí ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù. Ẹlòmíràn á tún ohun kan náà tẹ̀ lórí ẹ̀rọ kejì. Tí iṣẹ́ àwọn méjèèjì bá bára mu, káàdì á kọjá. Tí kò bá bára mu, iná pupa á tàn, bọ́tìnnì á sì há. Ìyẹn rọrùn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé fọ́ọ̀mù gan-an ló parọ́ ńkọ́? Tó bá sọ pé ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí wọ́n tó bí i? Ẹ̀rọ ò lè mọ̀. Ojú ènìyàn ló ń mọ ìyẹn, àwa tí wọ́n sì ń kọ́ láti fi ojú mọ̀ ọ́n, bírò pupa ni wọ́n fi ń dá wa mọ̀.

Báyìí ni Ọ̀gá ṣe ń kọ́ wa. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba àwọn fọ́ọ̀mù kan jẹ́, á tì wọ́n bọ àárín iṣẹ́ wa, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Á tún wá àwọn fọ́ọ̀mù mìíràn tó jọ irọ́ tó sì jẹ́ òótọ́, á kó àwọn náà sí i. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, agolo mílíìkì méjì á wà lórí tábìlì oníkálukú. Àṣìṣe kọ̀ọ̀kan tó bá sá mọ́ ọ lọ́wọ́, òkúta wẹ́wẹ́ kan ni sínú agolo àkọ́kọ́. Òótọ́ kọ̀ọ̀kan tí o bá pè ní àṣìṣe, hóró ẹ̀wà kan ni sínú agolo kejì. Lẹ́yìn náà, á ní kí a máa mì í lọ́kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo yàrá gbọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì mi àkọ́kọ́, agolo òkúta mi dún títí tí àwọn tó wà ní yàrá kejì fi yọjú. Ojú tì mí, mo sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo wá búra pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ohunkóhun tó bá ti yàtọ̀ díẹ̀ lójú mi, mo fi bírò pupa yí i po. Ọjọ́ Ẹtì pé, mo mi agolo òkúta, kò dún. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀gá wá gbé agolo kejì fún mi. Ẹ̀wà ti kún un dé ẹnu, kò tiẹ̀ sí àyè tó fi máa dún.

"Màmá wa," Ọ̀gá wí. Mo ti mọ̀ pé mo gbé. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ò jẹ́ kí olè kankan lọ."

"Ẹ ṣé, sà."

"Ẹ ti gbogbo àdúgbò mọ́lé ni. Ìyẹn kì í ṣe àyẹ̀wò. Ẹ̀rù ló ń bà yín." Ó fa fọ́ọ̀mù kan yọ. "Kí ló ṣe ọkùnrin yìí?"

"Orúkọ ẹ̀ ni, sà. Jímọ̀ Sunday. Ẹnì kan ò lè jẹ́ ọjọ́ méjì."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó wà ní àjà kẹta. Ẹ gòkè lọ kí i. Ẹ sọ fún un pé ẹ wá kí ẹni tí ẹ sọ pé kò sí."

Àṣà rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí o bá fi bírò pupa pa, ìwọ fúnra rẹ lo máa lọ rí i. Mo gòkè. Mo kúnlẹ̀ kí bàbá kan tó ga, tó ń jẹ ẹ̀pà. Mo sọ ohun tí wọ́n ní kí n sọ. Ó wò mí títí, ó ní, "Ìwọ lo ní mi ò sí? Ìyá mi ńkọ́? Ta ló fún lọ́mú?" Ó fún mi ní ẹ̀pà, ó ní kí n má bínú, ọjọ́ Àìkú ni wọ́n bí òun, bàbá bàbá òun ló ń jẹ́ Jímọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara wà lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan tí a bá fà.

Ó gbà mí tó ọdún méjì kí agolo mi méjèèjì tó dákẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Kì í ṣe pé kí ojú le nìkan, kì í sì í ṣe pé kí ojú rọ̀. Tí o bá há a jù, o máa da ẹni rere nù. Tí o bá tú u jù, ayédèrú á bá ọ jókòó. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ káàdì jáde tí wọ́n gbé àwọn kọ̀ǹpútà onígíláàsì wọlé, Ọ̀gá ń fẹ̀yìntì. Ó pè mí, ó gbé agolo méjì fún mi. "Ìwọ ọmọ yìí," ó wí, inú mi sì dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́, "ẹ̀rọ á máa yí padà. Má jẹ́ kí wọ́n gba agolo lọ́wọ́ ẹ."

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ Àpápá dín òṣìṣẹ́ kù, mo bá iṣẹ́ mi wá sí Festac níbi tí mo ń gbé. Àkókò tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé nìyẹn, tí àwọn ọmọ ń gbé àga àti agbòòrùn síta, tí wọ́n ń ta ìpè fún aráyé. Ìyá kan ṣí ọ́fíìsì kékeré sí orí òkè ilé kan, kọ̀ǹpútà mẹ́fà àti jẹnẹrétọ̀ kan tó máa ń wúkọ́. Àwọn ilé ìwé gírámà agbègbè Amúwò-Ọ̀dọ̀fin ló ń kó fọ́ọ̀mù ìdánwò àṣekágbá wá fún wa. A ó tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà, a ó yẹ̀ wọ́n wò, a ó sì kó wọn lọ fún àwọn onídánwò. Èmi ni olórí àyẹ̀wò.

Tóbi ni ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Festac ni wọ́n bí i sí, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, kò lè gbádùn kó má "ní orúkọ Jésù" kó tó tan ẹ̀rọ. Ó já fáfá, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ yá ju ojú rẹ̀ lọ. Ọjọ́ kan ló sáré wá bá mi.

"Mọ́mì, ẹ wò ó! Àwọn mẹ́rin ń gbé inú ilé kan náà, C Close, nọ́ńbà karùn-ún. Ayédèrú nìyẹn. Kí n yọ wọ́n?"

"Tóbi, níbo ni wọ́n bí ọ sí?"

"Festac, mà."

"C Close mélòó ló wà ní Festac?"

Gbogbo ojú ọ̀nà ló ní C Close tiẹ̀. Àwọn ọmọ náà kàn gbàgbé láti kọ nọ́ńbà ojú ọ̀nà sí i ni. Mo ní, "Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Lọ jókòó." Mo sì mi agolo kejì mi sí i létí, ó ṣófo, mo yan padà sí àyè mi. Ẹ rántí bí mo ṣe yan o. Ìṣubú mi ò jìnnà mọ́.

Ní ọdún kan, àwọn ọmọkùnrin méjì fi orúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n lè ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n sì mú èyí tó bá dára jù. Wọ́n sá mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn onídánwò dá gbogbo iṣẹ́ wa padà, wọ́n bú ìyá tó ni ọ́fíìsì níwájú àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n ní tó bá tún ṣẹlẹ̀, àwọn á gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wa. Ó dùn mí wọra. Èmi, Àǹtí Asẹ́! Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló á sá. Nígbà tí iṣẹ́ ọdún kejì dé, mo ní kí Tóbi kọ òfin sínú kọ̀ǹpútà: ẹni méjì tí orúkọ bàbá wọn, ọjọ́ ìbí wọn àti àdírẹ́sì wọn bá bára mu, ẹnì kan náà ni wọ́n, kó fi ẹni àkọ́kọ́ sílẹ̀, kó yọ èkejì.

Tóbi, kí n má parọ́ mọ́ ọn, bi mí léèrè. "Mọ́mì, ṣé ẹ ò ní kọ́kọ́ wo àwọn tó máa yọ ni?"

Mo ní, "Àkókò dà? Ohun tó bá ti jọra, yọ ọ́."

Ó yọ wọ́n. A kó iṣẹ́ lọ. Wọ́n yìn wá. Agolo mi méjèèjì ti wọ inú dúrọ́ọ̀ nígbà yẹn, mo ti gbàgbé wọn síbẹ̀.

Nígbà tí káàdì tí wọ́n fi ń wọ yàrá ìdánwò jáde, ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọ̀sán gangan ni, obìnrin kan gun òkè wá, ìbòrí funfun lórí rẹ̀, ó ń mí hẹlẹ. Àlàájà Sìkírátù ni, ará Ìṣẹ́yìn tó ń ta ọṣẹ, mílíìkì àti súgà ní Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá. Ọmọbìnrin méjì tó wọ aṣọ ilé ìwé tẹ̀ lé e. Mo wo ọ̀kan, mo wo èkejì. Ojú kan náà. Mo ti mọ ohun tó gbé e wá kó tó la ẹnu.

"Ẹ káàsán o. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ sọ pé ọmọ mi kan ò sí."

Káàdì Táíwò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ti Kẹ́hìndé ò jáde.

Mo ní kí Tóbi ṣí i. Ó wà níbẹ̀ gbanganba: orúkọ bàbá kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà, ilé kan náà. Táíwò dúró, ẹ̀rọ yọ Kẹ́hìndé. Ẹ gbà mí o! Èmi ọmọ Yorùbá, tí mo mọ̀ pé kò sí ìdílé tí ìbejì ò wọ̀ rí nílẹ̀ wa, mo jókòó, mo ṣòfin pé ẹni méjì ò lè bá ọjọ́ kan náà wáyé nínú ilé kan. Ẹni tí wọ́n ní kó wá fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Àlàájà ò pariwo, ìyẹn ló tilẹ̀ burú jù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n lẹ yọ, ẹ wá fi àbúrò sílẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é?"

Táíwò gbé káàdì tirẹ̀ sórí tábìlì mi. "Tí Kẹ́hìndé ò bá wọlé, èmi náà ò wọlé."

Kẹ́hìndé sọ fún un pé kó má yà wèrè, kó mú káàdì ẹ̀. Táíwò ò mú un. Ọdún kan gbáko fún ọmọ méjì ló wà lórí tábìlì mi yẹn, èmi ni mo sì gbé e síbẹ̀.

Ìyá tó ni ọ́fíìsì pè mí wọ inú yàrá. Ó ní kí n rọra, ká sọ pé ilé ìwé ni kò kó fọ́ọ̀mù náà wá, ká má bàa pàdánù iṣẹ́. Ìyá dáadáa ni, ẹ̀rù ló ń bà á. Mo ní, "Mà, mi ò lè ṣe é. Ọ̀gá tó kọ́ mi á jí nínú sàréè." Mo jáde, mo ní kí Tóbi tẹ orúkọ gbogbo àwọn tí a yọ sórí ìwé fún mi, mo fa fọ́ọ̀mù wọn jáde, mo fi ojú ara mi kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí ìbejì mìíràn. Mo rí ọmọ ìyàwó méjì tí wọ́n bí lọ́jọ́ kan náà nínú ilé kan ní Mile 2. Mo sì rí ayédèrú tòótọ́ pẹ̀lú, àwọn tó fi orúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòótọ́. Òfin náà mú olè o. Ó kàn mú onílé mọ́ ọn ni. Tí mo bá torí Kẹ́hìndé ní kí gbogbo wọn padà wọlé, mo tún ti ṣe aburú mìíràn. Bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi, Àlàájà àti àwọn ọmọ náà wà ní ọ́fíìsì àwọn onídánwò. Ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ ti igo ojú rẹ̀ sókè.

"Màdáámù, ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ pé ẹnì kan ni wọ́n. Kí ni ká wá gbà báyìí? Ọ̀pọ̀ ló ń mú àbúrò wọn wá síbí pé ìbejì ni."

"Èmi ni mo kọ ọ́, sà. Èmi ni mo ṣìṣe. Ẹ wo fọ́ọ̀mù méjèèjì, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ ni." Mo tẹ́ wọn síwájú rẹ̀. Ohun tó yẹ kí n ti wò látilẹ̀wá nìyẹn, tí kọ̀ǹpútà ò ní. Ọwọ́ Táíwò dúró ṣánṣán. Ti Kẹ́hìndé dà sẹ́yìn, íǹkì sì fà níbi tí ọwọ́ ti gbá a kọjá.

Ó fún wọn ní ìwé, ó ní kí wọ́n kọ orúkọ àti àdírẹ́sì wọn. Táíwò fi ọwọ́ ọ̀tún mú bírò. Kẹ́hìndé fi òsì mú tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, ọkùnrin náà gbé ìwé wọn ti fọ́ọ̀mù, ó wò ó, ó tún wò ó, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀bi yín ni, kí ẹ buwọ́ lù ú."

Mo kọ ọ́. Mo kó fọ́ọ̀mù àwọn ọmọ yòókù tí mo rí sí i. Mo buwọ́ lù ú, orúkọ mi ní kíkún, kì í ṣe orúkọ ọ́fíìsì. Mi ò tíì buwọ́ lu ìwé kankan tó wúwo tó yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí mo fi yangàn jù ú lọ dòní. Káàdì Kẹ́hìndé jáde nígbà tí ìdánwò ku ọjọ́ méjì, ti àwọn yòókù náà sì jáde. Wọn ò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wa.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ìdánwò tán, mo lọ sí Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá. Mo bá Àlàájà nídìí ìkòkò ńlá, ó ń se ẹ̀wà ìbejì tí wọ́n fẹ́ pín fún àwọn ọmọ àdúgbò. Kẹ́hìndé jókòó, ó ń ṣa èyí tó kù nínú àwo.

Mo ní, "Kẹ́hìndé, mo wá kí ẹni tí mo sọ pé kò sí." Mo fẹ́ kúnlẹ̀.

Àlàájà fò, ó dì mí mú. "Há à, ẹ̀gbọ́n! Ẹ má kó bá ọmọ mi! Àgbà kì í kúnlẹ̀ fọ́mọdé." Ó gbé àpótí fún mi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní hóró ẹ̀wà kan tí wọn ò tíì sè. Ó rò pé orí mi ti yí, àmọ́ ó ní kí Kẹ́hìndé fún mi. Ọmọ náà mú hóró kan, ó nà án sí mi, ọwọ́ òsì.

"Òsì!" ìyá rẹ̀ gbá a lọ́wọ́. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń fún àgbà ní nǹkan nìyẹn?"

Mo ní, "Àlàájà, ẹ fi í sílẹ̀. Ọwọ́ yẹn ló yọ mí." Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Mo sunkún díẹ̀, ẹ̀rín náà sì pa mí.

Láti ìgbà náà, òfin wa yí padà. Kọ̀ǹpútà ò yọ ẹnikẹ́ni mọ́. Ohun tó bá jọra, á gbé e sọ́tọ̀ pé "ẹ bèèrè". Tóbi á gbé fóònù, á pe ilé ìwé, tí wọn ò bá gbé e, á lọ. Iṣẹ́ náà falẹ̀ díẹ̀, àmọ́ olè ń bọ́ sọ́wọ́, onílé sì ń sùn nílé rẹ̀. Mo gbé agolo mi padà sórí tábìlì, mo sì ń ba fọ́ọ̀mù jẹ́ fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí Ọ̀gá ṣe ń ṣe fún wa. Àwọn ọmọ náà sọ pé mo le. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n wà lónìí.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìntì, mo gbé agolo méjèèjì fún Tóbi níwájú gbogbo wọn. Ó gbé ti òkúta sókè, ó mì í. Kò dún. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó gbé èkejì, ó mì í, nǹkan kan ṣoṣo dún nínú rẹ̀. Tóbi wò mí. Ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló na ọwọ́.

"Mọ́mì, ẹ̀wà kan kù sínú ẹ̀. Kí n dà á nù?"

Mo ní, "Má dà á nù. Kẹ́hìndé lorúkọ ẹ̀."